Ìbọn wo ni kí n gbé wọ igbó, ṣé kí n sì mú méjì? Ìtọ́sọ́nà fún ọdẹ láti Kétu

Ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹnìkan má bi mí. Bí kì í bá ṣe ọmọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣọdẹ, á jẹ́ àgbẹ̀ kan lọ́nà Ìlárá tí ọ̀yà ti jẹ àgbàdo rẹ̀ tán: "Ẹ̀gbọ́n, ìbọn wo ni kí n rà?" Kí n tó dáhùn tán, wọ́n á ti fi ìkejì kún un: "Ṣé kí n mú ìbọn kejì dání ni?"

Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màá máa pè ọ́ ní "ìwọ" torí pé àṣẹ ni mo fẹ́ máa pa. Ẹni tó bá jù mí lọ kó forí jì mí.

Ìdáhùn fún ẹni tí kò ráyè nìyí: láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wa, ìbọn ẹlẹ́numéjì kálíbà 12 (kálíbà ni ìwọ̀n ẹnu ìbọn) tó ní ìfà méjì, èyíinì ni ibi méjì tí ìka ti ń fa ìbọn, tó bá ara rẹ mu, tí o sì ti dán wò, òun ni. Ìbọn bẹ́ẹ̀ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè kejì, torí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìbọn méjì. Ẹni tó bá ráyè, kó máa bá mi bọ̀.

## Ìwé ṣáájú ìbọn

Ìwé ìbọn yàtọ̀, ìwé ọdẹ yàtọ̀. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì. Ti ìbọn, kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti pa ọlọ́pàá àti jàǹdáámù pọ̀ di Police républicaine, ibẹ̀ náà ni gbogbo wa ń lọ. Ti ọdẹ, ọ́fíìsì Eaux et Forêts, àwọn onígbó ìjọba, ni. Ìbọn alágbẹ̀dẹ náà, béèrè ìwé rẹ̀. Má gbà pé ohun tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ kò ní òfin.

Òfin ẹranko ìgbẹ́ wa, nọ́ńbà 2002-16, ọdún 2004 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ó ya àwọn ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sọ́tọ̀. Béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ àwọn onígbó ìjọba kí o tó ronú kan ìbọn rárá. Akika tí àwọn kan ṣì ń rò pé ẹran lásán ni, láti 2017 ni wọ́n ti fòfin de òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń kó sí wàhálà:

- Wọ́n gba ìwé fún ìbọn kan, wọ́n gbé méjì. Ìbọn méjì, ìwé méjì.
- Wọ́n wọ igbó ìjọba, irú igbó Dògò, bíi pé oko bàbá wọn ni.
- Wọ́n gbé ìbọn sọdá ààlà. Lóòótọ́ ni Ìmẹ̀kọ kò jìnnà, lóòótọ́ ni àna rẹ wà ní Ìlárá lódì kejì. Aṣọ́bodè kò mọ àna. Fi ìbọn sílé, lọ kí wọn.

## Bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta

1. Ẹran wo? Má sọ èyí tí ò ń lálàá rẹ̀. Sọ èyí tí ò ń rí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀yà, ehoro, àparò àti awó ni ò ń rí láàárín oko, má ra ìbọn ẹfọ̀n.
2. Báwo ni ojú ṣe ń ríran jìnnà tó níbẹ̀? Lọ síbi tí o ti máa ń ṣọdẹ, dúró, wo ibi tó jìnnà jù tí o ti lè dá ẹran mọ̀ dájú, kí o sì fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Lọ́pọ̀ ibi ní àyíká Kétu, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ kí koríko tó gba ojú. Ibẹ̀ kọ́ ni à ń lo ìbọn tó ń pa ẹran ní igba mítà.
3. Kàtúùsì wo ni mo lè rí rà nígbà gbogbo? Bi ẹni tó ní àṣẹ láti tà á kí o tó ra ìbọn, má ṣe jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí ìbọn tó dára bí ẹyin tó di ọ̀pá ìtilẹ̀kùn torí olówó rẹ̀ kò rí ohun tó máa jẹ.

Kí a lè gbọ́ ara wa yé: kàtúùsì ni gbogbo rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú kòròfo, ẹ̀tù àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọta ni èyí tó ń lọ bá ẹran.

## Àwọn ìbọn tí o máa bá pàdé

Ṣakabùlà. Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín jogún. Ẹnu rẹ̀ ni à ń gbà rọ ẹ̀tù sí i, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún, òjò kékeré sì lè sọ ọ́ di igi lásán. N kò ní kọ bí a ṣe ń ki ẹ̀tù síbí. Ohun tí màá sọ ni pé bí ọ̀pá rẹ̀ bá jẹ́ páìpù omi tí wọ́n gé, gbé e kọ́ ara ògiri fún ọdún Ògún, má gbé e lé èjìká. Mo mọ ọkùnrin méjì ní agbègbè yìí tí àtàǹpàkò òsì wọn kò sí mọ́.

Ẹlẹ́nukan. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti tún ṣe. Ẹni tó kàn ń lé ọ̀yà kúrò lóko kò nílò jù bẹ́ẹ̀. Simplex ti Manufrance wà lára wọn; ilé iṣẹ́ yẹn ní Saint-Étienne ti kógbá sílé ní 1985, nítorí náà àgbà ni èyí tó pọ̀ jù tí o máa rí, kí o yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ àgbà wò.

Ẹlẹ́numéjì. Níbí ni ọkàn mi wà. Yálà ọ̀pá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tàbí ọ̀kan wà lórí ìkejì, ohun tí mo fẹ́ kí o wá ni ìfà méjì. Èyí tó ní ìfà méjì ní òòlù méjì, ojú irin méjì (irin tó ń ta òòlù síwájú), abẹ́rẹ́ méjì (irin tín-ín-rín tó ń gún ìdí kàtúùsì kó lè dún). Bí abẹ́rẹ́ ọ̀tún bá kán, ti òsì ṣì ń ṣiṣẹ́, o sì lè fi i délé. Èyí tó ní ìfà kan ṣoṣo, bí ìfà náà bá yarí, ẹnu méjèèjì pa dé. Ìwúlò kejì ni pé o lè fi ọta wẹ́wẹ́ sí ọ̀tún, kí o fi èyí tó tóbi sí òsì, kí ìka rẹ yan èyí tó bá ẹran tó jáde mu. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àparò lè fò, kí àgbọ̀nrín sì dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ẹnu ni mo ṣí, n kò yin èyíkéyìí.

Ti èyí tó ń ki ara rẹ̀, tó ń tu kòròfo jáde fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú èso koríko tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó bá ń fọ ìbọn ní alaalẹ́ lè rà á. Èmi kì í rà á.

Kárábínì. Inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tó lọ́, tó ń yí ọta po bó ṣe ń jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ tààrà síbi tó jìnnà. Sáà ẹ̀rùn méjì ni mo fi bá àwọn ọdẹ àlejò tọ ipasẹ̀ ẹran ní agbègbè ọdẹ tó yí Pendjari, ọgbà ẹranko ìjọba ní àríwá, ká, níbẹ̀ ni mo ti rí ìwúlò rẹ̀. Fún ẹfọ̀n, kàtúùsì .375 H&H Magnum tó ti wà láti 1912 ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù. Fún ẹran ńlá tí kì í padà dojú kọ ènìyàn, .30-06 tó ti wà láti 1906 tó, ó sì rọ èjìká lọ́rùn ju .375 lọ. Nínú irú méjèèjì, èyí tó ní irin Mauser 98 (irin ni ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọ̀pá tó ń di kàtúùsì mú) ni àwọn atọ́nà fẹ́ràn, torí pé èékánná rẹ̀ ń di ìdí kàtúùsì mú láti inú ilé rẹ̀ títí tó fi jáde; o lè dorí ìbọn kodò, kò ní bọ́.

Ṣùgbọ́n ní gúúsù wa níbí, rò ó dáadáa. Ọta .22 kékeré yẹn lè rìn tó kìlómítà kan àtààbọ̀. Ti .30-06 lè kọjá kìlómítà mẹ́rin. Láti ẹ̀yìn odi Kétu, mélòó ni oko, mélòó ni abà, mélòó ni ọmọ tó ń lé ẹyẹ láàárín kìlómítà mẹ́rin? Ní Ṣábẹ̀ẹ́ ẹ̀wẹ̀, àpáta ni ìṣòro. Ọta tó bá ba àpáta kì í kú síbẹ̀. Ó ń ta padà, ibi tó wù ú ló sì ń lọ.

## Wọ̀n ọ́n mọ́ ara rẹ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ra ìbọn torí pé ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu. Ìbọn dà bí bàtà.

1. Ṣí i. Fi ojú wò ó, kí o tún fi ìka kan inú rẹ̀, pé kò sí kàtúùsì níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ṣe é padà, bí o tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tí ẹni náà ṣe é.
2. Wá ojú tó lágbára. Na ọwọ́ méjèèjì síwájú, fi wọ́n ṣe ihò kékeré, fi ojú méjèèjì wo orí ọ̀pẹ kan láti inú ihò náà. Di ojú òsì. Bí ọ̀pẹ kò bá kúrò nínú ihò, ojú ọ̀tún ló lágbára, èjìká ọ̀tún sì ni ìbọn rẹ. Bó bá kúrò, òdìkejì ni.
3. Di ojú méjèèjì, gbé ìbọn sókè mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bó ṣe wá, lẹ́yìn náà la ojú. O yẹ kí o máa wo gbọọrọ orí ọ̀pá dé èso kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn irin ló dí ọ lójú, igi ìdí rẹ̀ relẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé ò ń rí gbogbo ẹ̀yìn ọ̀pá bí ojú pópó, ó ga jù.
4. Fi ìdí ìbọn sí ìgúnpá nínú. Orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ yẹ kó kan ìfà láìnà án.
5. Gbé e sójú ibi tí ò ń wò, ka ọgọ́ta. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń mì kí o tó ka ogójì, ó wúwo jù fún ọ. Kílò mẹ́ta sí mẹ́ta àtààbọ̀ bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu.

Bí igi ìdí bá gùn jù, gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ lè gé e. Bó bá kúrú jù, ìtìmùtìmù rọ́bà wà tí wọ́n ń kàn mọ́ ọn. Ọ̀pá ni kí ẹnikẹ́ni má gé.

## Bó bá jẹ́ àlòkù

Má yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́, má yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ìkánjú ẹni tó ń tà á.

1. Tú ọ̀pá kúrò lára igi. Kọjú ẹnu rẹ̀ sí ojú ọ̀run, kì í ṣe sí oòrùn gan-an, wo inú rẹ̀ láti ìdí. Ìmọ́lẹ̀ yẹ kó tò bí òrùka yíká yíká láìṣẹ́. Bí o bá rí òjìji dúdú kan bí òrùka tó ṣẹ́ níbì kan, ọ̀pá náà ti wú síbẹ̀ rí. Dá a padà. Kò sí ẹ̀dínwó tó tó fún un.
2. Fa ọwọ́ lórí ọ̀pá láti ìdí dé ẹnu, ojú dídì. Ìka ń mọ ohun tí ojú kò rí.
3. Fi okùn so ọ̀pá ẹlẹ́numéjì rọ̀, fi èékánná gbá a. Kó dún gbọọrọ bí agogo. Bó bá dún bíi gálọ́ọ̀nù tó ti là, ìsopọ̀ ọ̀pá méjèèjì ti tú.
4. Tò ó padà, tì í pa, mì í. Kò gbọdọ̀ sí "kọ́kọ́kọ́" láàárín ọ̀pá àti irin.
5. Rí i pé ó ṣófo, fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn kó dúró, má fa ìfà, kí o wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀ dáadáa. Bí òòlù bá bọ́, ìbọn tó yẹ kí a pa tì ni. Irú èyí ló máa ń dún nígbà tí ọdẹ bá kọsẹ̀.
6. Wo òǹtẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀pá níbi ilé kàtúùsì. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ kankan, kò sí ilé ìdánwò, ibi tí wọ́n ti ń dán agbára ọ̀pá wò, tó mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ìbọn ayé àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀tù dúdú, kàtúùsì òde òní yóò fọ́ ọ.

## Kàtúùsì: ibi tí ikú wà

Èyí ni ó yẹ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì.

65, 70, 76. Lábẹ́ ọ̀pá, o máa rí nọ́ńbà bíi 12/65, 12/70 tàbí 12/76. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ni gígùn ilé kàtúùsì ní mílímítà. Kàtúùsì 70 ń wọ ilé 65 wẹ́rẹ́, ìyẹn ló fi ń tan ènìyàn. Wo ẹnu kàtúùsì tí kò tíì dún: wọ́n ká a wọlé, ó kúrú. Bó bá dún, ẹnu yẹn á là síwájú, ìgbà yẹn ló ń gùn tó 70. Nínú ilé 65 kò sí àyè fún un láti là, á dí ọ̀nà mọ́ ọta, agbára ẹ̀tù á sì wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà ojú rẹ. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ìbọn lè má fọ́. Lọ́jọ́ kẹwàá ńkọ́?

20 nínú 12. Kàtúùsì kálíbà 20, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe ní àwọ̀ ìyeyè, tín-ín-rín ju 12 lọ. Bí o bá ṣì í fi sí ìbọn 12, á yọ́ kọjá ilé kàtúùsì, á há síwájú. Ìwọ á fa ìbọn, kò ní dún. Ìwọ á ṣí i, á ṣófo. Ìwọ á fi 12 sí i. Nígbà yẹn kàtúùsì méjì ló wà nínú ọ̀pá kan. N kò ní sọ èyí tó kù.

Nítorí náà, ilé kan, kálíbà kan. Bí kálíbà méjì bá gbọdọ̀ wà nínú ilé, kí àpótí wọn má ṣe wà lórí pákó kan náà, kí ọmọdé má sì ṣe jẹ́ ẹni tó ń bá ọ dì wọ́n sápò.

Ọta wo fún ẹran wo? Mi ò ní pẹ́ níbí. Nọ́ńbà 6 fún àparò àti awó. Nọ́ńbà 4 fún ọ̀yà àti ehoro. Nọ́ńbà 1 fún ẹtu. Chevrotine, ọta mẹ́sàn-án tí ìkọ̀ọ̀kan ju mílímítà 8 lọ, fún àgbọ̀nrín àti ìmàdò, kó má sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ọta ṣe tóbi tó. Àwọn tuntun máa ń yí èyí po.

## Dán an wò kí o tó gbé e wọ igbó

1. Wá ibi tí òkè tàbí ebè ńlá wà lẹ́yìn ohun tí ò ń yìn, kí ènìyàn kan máa ṣọ́ ọ̀nà.
2. Lẹ bébà ńlá mọ́ pátákó, ya òbìrí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí i.
3. Dúró ní mítà 35. Di etí, ariwo ìbọn kan ṣoṣo tó láti ba etí jẹ́ títí ayé. Yìn ín lẹ́ẹ̀kan.
4. Ka ihò tó wà nínú òbìrí. Ẹnu ìbọn tó fún tán a máa kó nǹkan bí 70 nínú 100 ọta sí i, èyí tí kò fún rárá a máa kó bí 40.
5. Má wo iye nìkan. Wo àyè tó ṣófo. Bí àyè kan bá wà tí odidi àparò lè jókòó sí láìfarapa, sún mọ́ ọn sí i tàbí pààrọ̀ kàtúùsì.
6. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ẹnu ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ti òsì. Kọ èsì rẹ̀ sára bébà, fi sínú àpò ìbọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ahun ni mí, pé mo tún wá ń fi kàtúùsì mẹ́fà ṣòfò lórí bébà. Ẹran tó gbọta tó sì sá lọ kú sínú igbó, ṣé ìyẹn kì í ṣe òfò?

## Ìbọn kejì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ọjọ́ mẹ́rin la fẹ́ lò ní apá àríwá Ṣábẹ̀ẹ́. Mo gbé ẹlẹ́nukan mi, kálíbà 12. Mo ní kí ìdààmú má bàa bá mi, mo yá ti ìbátan mi kan, kálíbà 16, gẹ́gẹ́ bí ìbọn kejì. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe fa tèmi, "tẹ́". Abẹ́rẹ́ ti kán. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣe bí ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú méjì wá. Mo tú ìkejì jáde. Ọgbọ̀n kàtúùsì 12 ló wà lápò mi, mẹ́rin péré ni ti 16, kòròfo oníbébà ni, ìrì ti mú wọn wú. Ọ̀kan kò wọlé ju ìdajì lọ. Ọjọ́ méjì tó kù, igi ni mo gbé kiri.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn:

Ìgbà tí o kò nílò rẹ̀. Bí o bá ń jáde ní òwúrọ̀, tí o sì ń wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, má gbé ìbọn kejì. Ẹrù ni, ìwé ni, ojú méjì láti ṣọ́ ni. Ohun tí o nílò ò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ: abẹ́rẹ́ ìbọn tuntun, ojú irin rẹ̀, ìṣòpó kan (irin tí a fi ń tú ìdè), àkísà, òróró díẹ̀, àti ọ̀pá ìnubọn tó lè ti kòròfo tó há jáde. Rà wọ́n lọ́jọ́ tí o ra ìbọn, kí o sì kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ wọn nílé, lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe lábẹ́ igi lálẹ́.

Ìgbà tí o nílò rẹ̀. Ìrìn tó ju ọjọ́ méjì lọ síbi tí kò sí alátùn-únṣe ìbọn. Ọdẹ ẹran tó lè padà dojú kọ ọ. Níbi Pendjari, mo rí àlejò kan tó tú kárábínì rẹ̀ jáde, tí awò orí rẹ̀ ti fọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú. Kò bínú, kò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bú. Ó mú awò kejì tó ti dán wò láti ilé, ó gbé e sí i, ó yin ọta méjì sí pátákó láti rí i dájú, a sì jáde. Ìyẹn tún fi hàn pé nínú ìbọn aláwò, awò kejì lè wúlò ju ìbọn kejì lọ.

Bí o ṣe máa yàn án:

1. Kàtúùsì kan náà. Bí tàkọ́kọ́ bá jẹ́ 12/70, kí èkejì jẹ́ 12/70.
2. Kó rọrùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Ẹlẹ́nukan lásán dára lẹ́yìn ẹlẹ́numéjì. Má fi ìbọn oníwàhálà ṣe olùrànlọ́wọ́.
3. Kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n. Bí ohun tó ń ti tàkọ́kọ́ pa bá wà lẹ́yìn, tí ti ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ́jọ́ tí ara rẹ bá gbóná, ìka rẹ á ṣìnà.
4. Òun náà gbọ́dọ̀ ti la ìdánwò bébà kọjá. Fún kárábínì, bí méjèèjì tilẹ̀ ń jẹ kàtúùsì kan náà, ibi tí ọta wọn ń bà kì í ṣe ọ̀kan. Tọ́ awò ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

Bí o ṣe máa gbé e. Ṣíṣófo, nínú àpò, kàtúùsì níbòmíràn. Lórí zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, tú ọ̀pá kúrò lára igi. Ní ibùdó, kó wà lábẹ́ ojú ẹnìkan, má gbé e ti igi, má fi kọ́ ẹ̀ka. Àṣà kan wà tí n kò fẹ́ràn: kí ọmọdékùnrin máa gbé ìbọn kejì tó ti ní kàtúùsì nínú tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹnu ìbọn yẹn, ẹ̀yìn ta ló kọjú sí?

Bí owó kò bá tó méjì. Ta ẹlẹ́nukan rẹ, fi owó kún un, ra ẹlẹ́numéjì onífà méjì. Tàbí kí ẹ̀yin méjì tí ẹ ń rìn pọ̀ ra kálíbà kan náà. Bí ti ẹnìkan bá bàjẹ́, ẹ máa fi ti ẹnìkejì gba ipò. Ẹ ó jọ pín ẹran ni o. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ.

## Bí ìbọn bá kọ̀ lọ́wọ́ rẹ

Tí o bá fà á tí kò dún:

1. Má gbé e kúrò níbi tó kọjú sí. Má yí i wò.
2. Ka ọgọ́ta. Nígbà mìíràn iná ń jó lọ díẹ̀díẹ̀ nínú kàtúùsì. Ti ṣakabùlà, ka ọgọ́fà.
3. Ṣí i pẹ̀lú ojú tí o yí kúrò lẹ́yìn irin.
4. Wo ìdí kàtúùsì. Bí abẹ́rẹ́ bá ti gbá a dáadáa, kàtúùsì ló burú. Bí ojú ibẹ̀ bá dán láìní àmì, tàbí àmì rẹ̀ kò jinlẹ̀, abẹ́rẹ́ tàbí ojú irin ni.

Tó bá dún, ṣùgbọ́n tó dún "pọ́ọ̀" dípò "gbàù", tí kò sì ti èjìká rẹ: dúró. Èyí burú ju kó má dún lọ. Nǹkan lè ti há sínú ọ̀pá. Tú u, wo ìmọ́lẹ̀ láti ìdí dé ẹnu kí kàtúùsì mìíràn tó wọ ibẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà bí o bá ṣubú tí ẹnu ìbọn kan ilẹ̀. Ẹrẹ̀ díẹ̀ tó láti ya ẹnu ọ̀pá bí òdòdó. Má ṣe gbé ẹnu lé e fẹ́, kódà bí ó bá dá ọ lójú pé ó ṣófo.

Tó bá wá jẹ́ alẹ́ ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, kó ìbọn pa dà sí àpò. Iná orí ń fi ojú méjì tó ń dán hàn ọ́. Màlúù Fúlàní náà ní ojú méjì. Ajá tó ṣáájú ọdẹ mìíràn náà ní in.

## Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

- Ìwé ìbọn kọ̀ọ̀kan àti ìwé ọdẹ wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀.
- Mo ti wo inú ọ̀pá lónìí, kì í ṣe lánàá.
- Mo tú àpò aṣọ ọdẹ dànù, mo sì ka kàtúùsì padà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: kálíbà kan, gígùn kan.
- Abẹ́rẹ́, ojú irin, ìṣòpó, ọ̀pá ìnubọn.
- Ìbọn kejì, bó bá wà: ó ṣófo, ó wà lápò, mo mọ ẹni tó ń gbé e.
- Aṣọ tó ní àwọ̀ tí ọdẹ mìíràn lè rí láti òkèèrè. Ìwọ kọ́ lo ń sá fún àgbọ̀nrín.
- Omi, oúnjẹ, bándéèjì.
- Ìyàwó tàbí àbúrò mi mọ igbó tí mo wọ̀, ọ̀nà tí mo gbà, àti ọjọ́ tó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí kò bá rí mi.